Wọ́n ri ère wa mọ́lẹ̀ bí òpó ọgbà

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn òjò tó rọ̀ mọ́jú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sáré wá bá mi: "Bàbá, wọ́n ti ń gé Ìyá o." Kí n tó dé ibẹ̀, ọkùnrin méjì ti fi ẹ̀rọ agégi gé Ìyá, ère igi tí a gbẹ́ fún àdúgbò wa, sí mẹ́ta, wọ́n ń jù ú sínú ọkọ̀ akólẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló rán wọn. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá ni, pé ó ti wó lóru, pé kò wúlò mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní orí rẹ̀, wọ́n sì fún mi. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Imú rẹ̀ pé, ilà ojú rẹ̀ pé, irun tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta fín kò yẹ̀. Ẹsẹ̀ ló jẹrà.

Mo ń kọ̀wé kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwa agbẹ́gilére Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bénì, kò mọ iṣẹ́ wa. Wọ́n ri ère wa mọ́lẹ̀ bí òpó ọgbà, ohun tó pa á nìyẹn.

Ère márùn-ún la gbẹ́ fún àjọ̀dún òmìnira ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹjọ. Àwọn aláṣẹ wa ní kí iṣẹ́ ọwọ́ wa dúró ní gbangba, kó máa fi ìfẹ́ orílẹ̀-èdè han ará ilé àti àlejò. Inú wa dùn. A kò gba owó iṣẹ́. Àwọn ìyá wa ń gbé oúnjẹ wá fún wa lábẹ́ igi òdán, àwọn ọmọ iléèwé ń kó èérún igi, àwọn àgbàlagbà jókòó tì wá, wọ́n ń sọ fún wa bí obìnrin ayé àtijọ́ ṣe ń ró aṣọ àti bó ṣe ń di ẹrù.

Àdúgbò tiwa ló yan ìyá tó ru ẹrù, tó fa ọmọ lọ́wọ́, tó kọjú sí ọ̀nà Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu bodè àtijọ́ ìlú wa. Ọmọ Kétu kò ní bi mí pé kí ló dé. Ní 1886 ni ogun Dàhòmì kó ìlú yìí, tí wọ́n dáná sun ún, tí wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú wọn. Lẹ́yìn tí Faransé ti wọ Àgbómẹ̀ ní 1892 ni àwọn tó ṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ sí wálé. Ìyá tó bí bàbá bàbá mi wà lára wọn. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí wọ́n kó wọn lọ. Nígbà tí mo ń gbẹ́ ọmọ tí ère náà fà lọ́wọ́, wọn ni mo ń rò.

Mo ti lọ wo Àmásọ́nì, ère ńlá obìnrin jagunjagun tó wà ní Kútọnu, èyí tí wọ́n ṣí ní 2022. Ó ga tó mítà 30, idẹ ló bò ó lára, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun ọba Dàhòmì ni àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, ogun Dàhòmì ló sì kó wa. Lónìí, Bénì kan náà ló ni ọmọ ẹni tó kóni àti ọmọ ẹni tí wọ́n kó. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ìyá tiwa náà ní ibi tó máa dúró sí.

Ẹ wo ohun tí wọ́n wá fi ojú rẹ̀ rí. A ní kí wọ́n wá ìrókò tàbí igi apá. Arère ni wọ́n gbé wá, wọ́n ní òun náà igi ni, pé ó tóbi, pé kò wọ́n. Òótọ́ ni pé igi rírọ̀ tó fúyẹ́ la fi ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Orí ènìyàn ló ń gbé ìyẹn jó, bí eré bá sì parí, inú ilé là ń gbé e pa mọ́ sí. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yẹn kò yẹ kó máa ra igi fún agbẹ́gilére. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde fún gbogbo ayé ní 2001, tí àwọn aláṣẹ wa sì máa ń fi yangàn níwájú àlejò. Wọ́n fẹ́ràn orúkọ rẹ̀. Ẹnu àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ni wọn kò fẹ́ gbọ́.

Igi náà kò tíì gbẹ tí wọ́n fi ní ká kun ún ní ọ̀dà, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti pupa, kó lè jọ àsíá. Mo ní ẹ jẹ́ kó gbẹ ná, ọ̀dà yóò sé omi mọ́ ọn nínú. Wọ́n ní ọjọ́ ti súnmọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n sọ ẹsẹ̀ ère sínú ilẹ̀, wọ́n sì ki yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn. Bí òpó ọgbà! Ojú ibi tí a ti gé igi ní ìbú, ibẹ̀ ló ti ń fa omi, ibẹ̀ náà sì ni ikán ń gbà wọlé. Ọmọ iṣẹ́ ọdún kan mọ èyí. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ká aṣọ tábìlì wọn, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀gá kan tó padà wá tẹ ìdí ère yẹn wò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí wọ́n mọ ìpìlẹ̀ sìmẹ́ńtì tó ga dé orúnkún, kí wọ́n ri irin méjì tàbí mẹ́ta sínú rẹ̀, kí irin náà gbé ère dúró, kí àyè tó gba ìka mẹ́rin sì wà láàárín igi àti sìmẹ́ńtì. Afẹ́fẹ́ á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, omi òjò á ṣàn lọ, ikán tó bá ń gun ìpìlẹ̀ bọ̀ á hàn sójú kí ó tó dé ara igi. Kí ojú ìpìlẹ̀ náà ṣe gẹ̀rẹ́ díẹ̀, kí omi má dúró lórí rẹ̀. Bí ère bá tóbi, kí a gbẹ́ inú ẹ̀yìn rẹ̀ jáde kó má baà lanu nígbà ọyẹ́. Kí ó gbẹ lábẹ́ òjìji, ìbáà gba oṣù mẹ́fà. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹta, kí wọ́n pe àwọn tó gbẹ́ ẹ láti wá fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi epo pa á, kí wọ́n sì san owó ọjọ́ kan fún wọn. Owó ọ̀dà nìkan tó èyí ṣe.

Kí wọ́n kọ ìtàn ère kọ̀ọ̀kan sí ìdí rẹ̀ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kì í ṣe Faransé nìkan. Kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé máa bójú tó wọn.

Ère mẹ́rin ló kù. Mo ti yí wọn ká. Méjì ti ń mì bí ènìyàn bá fọwọ́ tì wọ́n. Bí wọ́n bá tú wọn báyìí, tí wọ́n gé ibi tó jẹrà kúrò, tí wọ́n gbé wọn ka orí ìpìlẹ̀, a ṣì lè rí wọn gbà sílẹ̀ kí òjò tó tún le. Ní ti Ìyá, orí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, mo gbé e sórí àpótí, kò kan ilẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìrókò tàbí igi apá wá, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ṣe tán láti gbẹ́ ara mìíràn fún un, a kò ní gba kọ́bọ̀.

Agbẹ́gilére kan,
Kétu