Ẹ la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún wa láti Òkè Ìdànrè dé etí òkun

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Lẹ́tà òǹkàwé kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé kálàmù. Òǹkàwé náà ní ohun tí Òkè Ìdànrè ń fẹ́ ni hòtẹ́ẹ̀lì ńlá àti ọkọ̀ tí ń fi okùn wáyà rìn lókè, kí àwọn olówó má baà máa làágùn lórí àtẹ̀gùn 660 tó wà níbẹ̀. Mi ò bá a jà. Àmọ́ lójú tèmi, òkè náà kò ṣàìní ohun tí yóò gbé ènìyàn gùn ún. Ọ̀nà tí ènìyàn yóò máa bá lọ nígbà tó bá gùn ún tán ni kò sí.

Ẹ wo bí àwọn àlejò ṣe ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n á sanwó ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á gun àtẹ̀gùn, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ níbi ìsinmi, wọ́n á dé ìlú àtijọ́ tí àwọn baba wa gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀rúndún tó kọjá. Wọ́n á wo ààfin Ọwá, kóòtù àtijọ́, ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn àti Omi Àpáàrá. Wọ́n á ya fọ́tò. Ó parí. Ibi tí wọ́n gbà gòkè náà ni wọ́n á gbà sọ̀ kalẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti padà sí Àkúrẹ́. Ohun tí àwọn ará Odòde, Aládé àti Àtọ̀sìn nísàlẹ̀ òkè ń rí nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó omi inú ọ̀rá àti bisikíìtì lọ. Bẹ́ẹ̀ láti 2007 ni orúkọ òkè yìí ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ó ṣì wà nínú ìwé náà títí di òní.

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni tó mọ máàpù. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní òkè, ó ní òkun, àárín méjèèjì kò sì jìnnà síra. Ẹni tó bá fi rúlà fa ìlà láti Odòde-Ìdànrè dé Ayétòrò létí òkun yóò rí i pé kò ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ. Láàárín ìwọ̀nba ilẹ̀ yẹn, ẹ ó kúrò lórí òkúta akọ, ẹ ó wọ oko kòkó, ẹ ó wọ igbó ìjọba, ẹ ó kọjá ní títì márosẹ̀ tó lọ sí Benin, ẹ ó já sí oko ọ̀pẹ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, lẹ́yìn náà ni àbàtà tí igi ògùrọ̀ pọ̀ sí, kí ẹ tó gbọ́ ariwo omi. Ẹni tó bá fẹ́ yà díẹ̀ lè dé Àgbábù, níbi tí ọ̀dà bitumen ti ń yọ láti inú ilẹ̀. Mo ti rí ìpínlẹ̀ tó tóbi jù wá lọ dáadáa tí ilẹ̀ rẹ̀ kò yí padà tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀nà tí mo ń sọ kì í sì í ṣe èyí tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi katakátá là. Ó ti wà. Nínú àwọn máàpù àtijọ́ tí ìjọba àpapọ̀ yà ní ìwọ̀n 1 sí 50,000, ẹ ó rí àwọn ìlà já-já-já tó lọ láti abúlé sí abúlé: ọ̀nà ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ru kòkó jáde kí mọ́tò tó dé ni, ọ̀nà ọjà, ọ̀nà tí ìyàwó ń gbà lọ sílé ọkọ. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́, bí ìlà orí máàpù bá ti sú mi, àgbẹ̀ ni mo máa ń bi, àgbẹ̀ kì í sì í ṣì í. Díẹ̀ nínú wọn ti di títì. Èyí tó pọ̀ jù ni koríko ti fẹ́ẹ̀ bò nítorí pé ọ̀kadà ti gbé gbogbo wa kúrò lórí ẹsẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àlá ni mo ń lá. Ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, tí òun náà ní òkè lápá ìwọ̀-oòrùn, tó ní òkun lápá ìlà-oòrùn, wọ́n ti ń ṣe é. Howard Lee ló dá a lábàá ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, nígbà tó wà nípò tí àwa ń pè ní kọmíṣọ́nnà, tó ń bójú tó ohun àlùmọ́nì àti ìdàgbàsókè ìlú. Ènìyàn dúdú ni. Òun náà ni ìlú Chapel Hill dìbò yàn ṣe olórí ìlú ní 1969, ní àkókò tí ìlú tí àwọn aláwọ̀ funfun pọ̀ jù sí ní gúúsù Amẹ́ríkà kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mountains-to-Sea Trail ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Orí òkè Kuwohi ló ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí gíga rẹ̀ jẹ́ 6,643 ẹsẹ̀ bàtà. Clingmans Dome ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó dá orúkọ tí àwọn Cherokee, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ ọ́ padà fún un ní 2024. Ó parí sí Jockey's Ridge, òkìtì yanrìn ràbàtà kan létí Àtìláńtíìkì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,175 máìlì. Bí ó ti wù kí tiwa ṣe kọ́rọkọ̀rọ tó, kò lè tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Raleigh, ìyẹn ló jẹ́ kí èmi náà fẹsẹ̀ tẹ apá kan ọ̀nà náà, lẹ́bàá adágún Falls Lake. Bí nǹkan ibẹ̀ ṣe rọrùn tó ló yà mí lẹ́nu. Níbi tí a gbà, kò sí géètì, kò sí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ipa ẹsẹ̀ nínú igbó, tí kò fẹ̀ ju ọ̀nà oko wa lọ, àti àmì róbótó funfun tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sára igi. Bí ẹ bá rí àmì, ẹ wà lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá rìn títí tí ẹ kò rí i mọ́, ẹ ti ṣìnà nìyẹn, ẹ padà. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n fi ara wọn jìn láìgba kọ́bọ̀ ló ń ro ojú ọ̀nà, tí wọ́n ń gé igi tó bá wó dí i, oníkálukú ní ibi tí ó mú. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997 ló ń kó wọn jọ. Ilé aṣòfin kò kà á mọ́ ọgbà ìtura ìjọba ìpínlẹ̀ àfi ní 2000, ọdún 23 lẹ́yìn tí wọ́n dá a lábàá. Títí di òní, nǹkan bí 700 máìlì ló jẹ́ ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ gidi, ìyókù ṣì ń gba etí títì. Wọn ò dúró kó pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín.

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò afẹ́ nílẹ̀ wa gbọ́. Àwa fẹ́ràn ṣíṣí nǹkan ńlá. Ká gé rìbọ́ọ̀nù, kí àwọn èèkàn ìlú dé fìlà, kí ìlù dún, kí koríko wá bò ó kí ọdún tó yípo.

Wọ́n tún ṣe nǹkan kan tí mo ronú lé lórí gan-an. Nígbà tí ọ̀nà wọn bá dé ibi tí omi wà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ẹlẹ́sẹ̀ kọjá, láti Cedar Island sí erékùṣù Ocracoke, láti Ocracoke sí Hatteras. Ọ̀nà náà ni wọ́n ka ìyẹn kún. Ìlàjẹ ló wá sí mi lọ́kàn. Awọnlẹ̀ tó bá ní òun yóò la ọ̀nà ẹsẹ̀ gba etí òkun Ìlàjẹ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun kò tíì dé ibẹ̀ rí. Lápá Aráròmí, yanrìn wà, ẹsẹ̀ ń gbà á. Bí ẹ bá ń lọ sí ìlà-oòrùn, yanrìn á tán, ẹrẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: etíkun ẹlẹ́rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń fi orúkọ Máhìn pè. Ilé orí òpó, afárá pákó láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ọkọ̀ lábẹ́ ilé. Nítorí náà, láti Igbókọ̀dá lọ, omi ni ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a yà á sórí máàpù bẹ́ẹ̀, kí owó rẹ̀ sì máa wọ àpò àwọn atukọ̀ ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Ayétòrò yóò bi mí bóyá ìgbà tí òkun ń gba ilé lọ́wọ́ ènìyàn ni ènìyàn ń gba àlejò. Wọ́n jàre. Láti ìgbà tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ti tẹ ìlú náà dó ní 1947, òkun ti gbé adúgbò lé adúgbò lọ. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kò lè dá òkun dúró, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi owó àlejò dípò iṣẹ́ ìdènà omi tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní North Carolina, níbi tí ọ̀nà náà gbà létí òkun ní Rodanthe, ilé ń wó sínú omi níbẹ̀ náà. Ní 1999, odindi ilé iná tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ òkun ní Cape Hatteras ni wọ́n gbé nídìí, wọ́n sún un kúrò létí òkun ní 2,900 ẹsẹ̀ bàtà kí omi má baà gbé e. Àwọn tó lówó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé iná. Ìlú tí ènìyàn ń gbé la ní kí ìjọba wa ṣe é fún, bó pẹ́ bó yá.

Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ńkọ́? Mi ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dá wọ igbó ìjọba ní Ọ̀fọ̀sù lónìí. Ibi tí ojú ń tó ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ọmọ abúlé tó mọ ilẹ̀, kí àwọn ọdẹ àti Àmọ̀tẹ́kùn mọ̀ pé àwọn èèyàn wà lọ́nà. Àwọn olóko kòkó náà ní ẹjọ́ tiwọn, nítorí olè kòkó kì í wọ aṣọ tí a ó fi dá a mọ̀ yàtọ̀ sí arìnrìn-àjò. Àwọn ẹbí tó nilẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ bá jókòó, oko lóko, kí ọ̀nà gba ibi tí wọ́n bá fọwọ́ sí, kí owó amọ̀nà jẹ́ ti àwọn ọmọ wọn. Bí ẹbí kan bá kọ̀, kí ọ̀nà yà.

Ẹnìkan tún kù tí kò lè kọ lẹ́tà sí yín. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí àpáta Ìdànrè tí kò sí níbòmíràn láyé. Orúkọ Perret ni àwọn onímọ̀ fi ń pè é. Láti 1963 ni wọn kò ti rí i mọ́, tí wọ́n rò pé ó ti parun, àfi ní 2013 tí wọ́n tún pàdé rẹ̀. Ojú àpáta tí omi ń sun ni ó ń gbé. Lónìí, ibi tó bá wu olúkúlùkù ló ń tẹ̀ lórí òkè yẹn, àwọn mìíràn ń fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ nínú omi náà. Àmì lára òkúta yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbogbo wa wà lójú kan.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Àkókó yóò ní mo gbàgbé àwọn. Rárá. Òkè Maríà ní Ọ̀kà ti ní ẹlẹ́sẹ̀ tirẹ̀, àwọn Kátólíìkì tó ń gùn ún láti gbàdúrà. Ìsàrun náà wà, bí kò tilẹ̀ sí ní Àkókó, níbi tí ikọ̀ awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw ti wú egungun ènìyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún jáde nínú Ihò Eléérú ní 1965. Ẹ̀ka ọ̀nà lè dé ibẹ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ìtí kí a tó la ẹ̀ka.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè fún kéré. Kí wọ́n mú apá àkọ́kọ́ nìkan, láti ìlú àtijọ́ lórí òkè, kó gba ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkè lọ sí oko, dé abúlé tí àlejò ti lè jẹun kó sì sùn. Wọ́n nílò ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì, àdá, àti ìpàdé pẹ̀lú àwọn baálẹ̀. Kí wọ́n ṣe é ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òkúta tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bí wọ́n bá sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn gbé kọ́ńpáàsì, orúnkún mi ṣì lè gbé mi dé ìdajì ọ̀nà sí Ọ̀fọ̀sù. Láti ibẹ̀ lọ, kí àwọn ọ̀dọ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Èmi ni tiyín,
Awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
Aládé-Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.