Ẹ̀sùn Lórí Fish Finder Tí Ẹ Fi Sínú Ọkọ̀ Onípákó Mi

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé Ìtajà Ohun Èlò Ọkọ̀ Ojú Omi,
Òkè-Ìlẹ̀wọ́, Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ fish finder, ẹ̀rọ tó ń fi ẹja inú omi hàn, tí mo rà lọ́wọ́ yín ni mo bá wá. Òṣìṣẹ́ yín ló wá fi í sínú ọkọ̀ mi létí omi dáàmù Ọ̀yán. Mo san owó ẹ̀rọ, mo san owó iṣẹ́. Látìgbà náà, ẹ̀rọ yìí kò fi ẹja kankan hàn mí. Nígbà tí mo pè yín, wọ́n ní omi Ọ̀yán ló dọ̀tí jù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí kì í ṣe òótọ́.

Ọkọ̀ onípákó ni ọkọ̀ mi. Òṣìṣẹ́ yín fojú ara rẹ̀ rí i. Síbẹ̀, inú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ló ti fún sílíkónì sórí pákó, tó sì lẹ transducer, ẹ̀yà ẹ̀rọ náà tó ń rán ìró jáde, mọ́ ọn. Ó ní òun kò fẹ́ dá ihò sí ọkọ̀ mi lára. Ọkọ̀ fáíbà tí kò ní fóòmù láàárín ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ìró ni ẹ̀rọ yìí fi ń ṣiṣẹ́: transducer á rán ìró sínú omi, ìró á kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹja, á padà wá, ẹ̀rọ á sì fi àkókò tó lò ṣírò bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Pákó kì í jẹ́ kí ìró yẹn kọjá. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bíráákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kàn mọ́ ìdí ọkọ̀ ṣì wà nínú páálí títí di òní, wọn ò tiẹ̀ tú u nínú ọ̀rá.

Kí ẹ má baà ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, èmi àti ẹnìkejì mi rọra fi ọ̀bẹ ṣí sílíkónì yẹn, a di transducer mọ́ orí ọparun, a tì í bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Kíá ni ojú ẹ̀rọ là. Ìsàlẹ̀ omi hàn, kùkùté igi dúró gbọnrangandan lórí rẹ̀, ẹja ń kọjá láàárín. Omi Ọ̀yán kan náà ni.

Kùkùté wọ̀nyẹn gan-an ni mo ṣe ra ẹ̀rọ. Láti 1983 tí wọ́n ti ṣí dáàmù náà ni omi ti bo igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń fa àwọ̀n wa ya, wọ́n ń ṣẹ́ fáànù ẹ́ńjìnnì tó ń ti ọkọ̀ lọ nínú omi. Bí wọ́n bá sì ṣí géètì dáàmù, tí omi fà, kùkùté tó jìn lánàá lè kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lónìí.

Òṣìṣẹ́ yín tún so wáyà fish finder náà mọ́ wáyà iná ọkọ̀, kò sí fiúsì kankan. Bí mo bá ti sítáàtì ẹ́ńjìnnì, ojú ẹ̀rọ á kú. Orí bátìrì tààrà ló yẹ kó lọ, kí fiúsì sì wà lójú ọ̀nà. Nínú ọkọ̀ tó gbé pẹtiróòlù, ẹ̀mí èèyàn ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi tàfàlà.

Nígbà tí mo wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ yín bi mí bí omi ṣe jìn, ó bi mí iye tó wà lọ́wọ́ mi. Kò bi mí ohun tí wọ́n fi kan ọkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹni tó mọṣẹ́ wá. Kó kan transducer mọ́ ìta pákó ìdí ọkọ̀, kó jìnnà sí fáànù tó ẹsẹ̀ bàtà kan ó kéré tán, torí ìfófòó tí fáànù ń dá sílẹ̀ máa ń da ìró rú. Kó dí ihò síkúrúù dáadáa kí pákó mi má baà jẹrà. N kò ní san owó iṣẹ́ míì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí n kò rí yín, ẹ dá gbogbo owó mi padà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, màá gbé ẹ̀sùn yìí lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà. Fọ́tò ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àti ẹ̀dà rìsíìtì méjèèjì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, apẹja ní Ọ̀yán.