Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Hatfield, lórí irin tó kán ṣáájú àkókò

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara rẹ le. Ohun tí o kọ nípa ìdánwò yín ni kò jẹ́ kí n sùn: pé irin kan kán kí ó tó pé iye ìgbà tí ẹ ṣírò pé yóò fara dà, àti pé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Jọ̀wọ́, má gbà fún wọn.

Hatfield tí o wà yẹn ní England gan-an ni Geoffrey de Havilland, tí ó dá ilé-iṣẹ́ tí ń kan ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀ ní ọdún 1920, kó iṣẹ́ rẹ̀ wá ní àwọn ọdún 1930. Ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ púpọ̀. Pákó ni wọ́n fi kan Mosquito, ọkọ̀ òfuurufú ogun, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn tó ń kan àga àti tábìlì sì bá wọn lọ́wọ́ sí i. Comet tiwọn ni ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí ó gbé èrò tó sanwó, láti London lọ sí Johannesburg, ní ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, ọdún 1952.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kìíní, ọdún 1954, Comet kan fọ́ lójú ọ̀run nítòsí erékùṣù Elba ní Italy, ènìyàn 35 sì kú. Wọ́n dá gbogbo Comet dúró, wọ́n tún àwọn ibi tí wọ́n fura sí ṣe, wọ́n sì dá wọn padà sójú ọ̀run ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, nígbà tí wọn kò tíì rí ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹrin, òmíràn já sínú òkun nítòsí Naples pẹ̀lú ènìyàn 21. Mo máa ń ronú nípa àwọn 21 yìí gidigidi.

Ní Farnborough, níbi tí ìjọba Britain ti ń ṣèwádìí nípa ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n gbé odidi Comet kan sínú àgbá omi ńlá, wọ́n ń fún omi sí inú rẹ̀, wọ́n sì ń tú u, kí ara rẹ̀ lè máa wú kí ó sì máa rọ̀ bí ìgbà tí ó ń fò. Nígbà tí ó di ìgbà 3,057, tí a bá ka àwọn ìrìn-àjò tí ó ti rìn tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, ó ya láti igun fèrèsé. Ó ti rẹ irin náà. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà mọ̀ ọ́n nínú wáyà: ibi tí o bá ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ni yóò ti kán.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ilé-iṣẹ́ náà ti dán apá kan ara Comet wò ṣáájú, ó sì fara da á ju ìgbà 16,000 lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́kọ́ fi agbára tí ó pọ̀ gan-an tẹ apá náà, èyí sì ti mú àwọn igun rẹ̀ le ju ti àwọn ọkọ̀ tí ń gbé èrò lọ. Wọn kò purọ́ o. Iye tí ó wù wọ́n ni wọ́n gbà gbọ́.

Comet 4, èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn náà, fò kọjá òkun Atlantic ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, ṣùgbọ́n Boeing 707, jẹ́ẹ̀tì àwọn ará Amẹ́ríkà, dé ọjà lóṣù kan náà, ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ Hawker Siddeley sì ra de Havilland ní ọdún 1960.

Nítorí náà, kọ iye ìgbà tí irin yín fara dà kí ó tó kán sínú ìwé gan-an bí ẹ ṣe rí i, kí o fi àwòrán ojú ibi tí ó ti kán mọ́ ọn, kí o sì bi olùkọ́ yín bóyá ẹ lè dán irin mìíràn wò kí ẹ tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá bínú, fi lẹ́tà yìí hàn wọ́n.

Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀.

Bàbá rẹ,
Ìbàdàn