Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa dárúkọ àwọn tó ṣe géèmù àtijọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ìwé ìròyìn yìí jáde. Ojú ewé àwọn ọ̀dọ́ ni èmi àti ọmọ mi ọkùnrin máa ń kọ́kọ́ ṣí tí a bá ti rà á. Àpilẹ̀kọ tí ẹ kọ lórí àwọn géèmù ayé àtijọ́ dùn mọ́ wa gan-an. Ẹ mẹ́nu ba Mario, ẹ mẹ́nu ba Pac-Man àti Contra, ẹ tilẹ̀ sọ bí wọ́n ṣe tà tó. Nígbà tí a kà á tán, ọmọ mi gbójú sókè, ó ní, "Dádì, ta ló ṣe wọ́n?" Mo tún gbogbo rẹ̀ kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ kún ibẹ̀ bámúbámú. Orúkọ ènìyàn, ẹyọ kan kò sí. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Iṣẹ́ àtúnṣe tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni mo ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin kan ní àdúgbò wa to tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta sínú ìsọ̀ rẹ̀, a máa ń sanwó kí a tó jókòó sídìí páàdì. Ẹ̀rọ tó ń lò kì í ṣe ojúlówó. Ayédèrú Famicom ni, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù tí Nintendo gbé jáde ní Japan ní 1983. Irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ ló kún ọjà wa nígbà náà. Tí kásẹ́ẹ̀tì kò bá mú, a ó yọ ọ́, a ó fẹnu fẹ́ ẹ fùú, a ó tún kì í bọ̀ ọ́. Gbogbo wa la gbà pé fífẹ́ yẹn ló ń ṣiṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tú ọ̀kan nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà lójú ọmọ mi. Pátákó aláwọ̀ ewé kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ní àárín rẹ̀, ẹ̀kán ọ̀dà dúdú kan dì pọ̀, ó le bí òkúta, ó ń dán. Abẹ́ ọ̀dà yẹn ni géèmù wà. Eyín bàbà tó fi ń kan ẹ̀rọ ti dípẹtà, itọ́ ẹnu wa sì wà lára ohun tó fà á. Yíyọ tí a yọ ọ́ tí a tún kì í bọ̀ ọ́ ló ń jẹ́ kó mú, kì í ṣe atẹ́gùn. Mo yí pátákó náà síwá sẹ́yìn. Kò sí orúkọ, kò sí àmì kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú géèmù ọ̀hún: níbi tó yẹ kí a ti rí 1985 àti orúkọ Nintendo, àwọn tó dà á kọ ti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dá àwọn oníayédèrú nìkan lẹ́bi. Nínú ojúlówó Super Mario Bros. pàápàá, ẹ gbá a dé òpin, ẹ gba ọmọbìnrin ọba sílẹ̀, ẹ kò ní rí orúkọ ẹnikẹ́ni tó ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bo orúkọ wọn mọ́lẹ̀ kí géèmù náà tó dé Mọ́kọ́lá.

Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka ló wà nídìí rẹ̀, Koji Kondo ló ṣe orin tí gbogbo wa ń fẹnu kọ. Gbogbo géèmù náà, àtorin àtàwòrán, kò ju kílóbáìtì 40 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lónìí sábà máa ń wúwo jù ú lọ. Ibi tí ààyè bá ti há tó yẹn, ohun kan ní láti ṣe iṣẹ́ méjì. Mo dá géèmù dúró, mo ní kí ọmọ mi wo ìkùukùu tó wà lókè, kó tún wo igbó tó wà nílẹ̀. Ó wò ó títí. Ó dìde, ó lọ fi ìka tọ etí àwòrán náà lójú tẹlifíṣọ̀n, ó sì pariwo. Àwòrán kan náà ni! Wọ́n kun èyí tó wà lókè ní funfun, wọ́n kun ti ilẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Láti kékeré ni mo ti ń wo nǹkan yẹn tí n kò rí i. Ìrísí Mario fúnra rẹ̀, ọ̀nà kan náà ló gbà wá. Nígbà tí Miyamoto kọ́kọ́ yà á fún géèmù Donkey Kong ní 1981, ààyè àwòrán náà kéré débi pé ẹnu kò ṣeé yà, ló bá fi irunmú bò ó. Irun orí yóò dà á láàmú, ló bá dé e ní fìlà.

Ẹ jẹ́ kí n mú géèmù Space Invaders wá síbí, nítorí òun ni mo fi ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Tomohiro Nishikado ló ṣe é fún ilé iṣẹ́ Taito ní 1978. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun nìkan ló dá a ṣe; kódà òun ló to ẹ̀rọ tó fi kọ ọ́. Àwọn ọ̀tá 55 ló tò sójú ìjà, kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò sì lágbára láti gbé gbogbo wọn rìn lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n bá ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ṣe ń yìnbọn pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń fúyẹ́ lọ́rùn ẹ̀rọ, àwọn tó ṣẹ́kù á wá máa yára sí i, títí tí ẹyọ kan tó gbẹ̀yìn á fi máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àìlágbára ẹ̀rọ ló fà á. Nishikado rí i pé ó ń jẹ́ kí àyà ẹni tó ń gbá a máa já, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí a bá kàn kọ ọ́ pé Taito ló ṣe é, níbo ni ìpinnu yẹn á wọlé sí? Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló jókòó ti ẹ̀rọ tó ń lọ́ra, tó ní kí ó dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára jù ni Warren Robinett. Òṣìṣẹ́ Atari, ilé iṣẹ́ géèmù kan, ni ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Òun nìkan ló ṣe géèmù tó ń jẹ́ Adventure: òun ló rò ó, òun ló ya àwòrán rẹ̀, òun ló kọ kóòdù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju kílóbáìtì 4 lọ. Ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Owó oṣù rẹ̀ lásán ni Robinett gbà. Kò sí orúkọ rẹ̀ lára páálí, kò sí nínú ìwé tó ń júwe bí a ṣe ń gbá a, nítorí Atari kì í fẹ́ kí aráyé mọ àwọn tó ń kọ géèmù fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti ń bí àwọn ènìyàn nínú. Ní 1979, David Crane, Alan Miller, Bob Whitehead àti Larry Kaplan kúrò níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó àti orúkọ, wọ́n sì wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Activision sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tẹ orúkọ oníṣẹ́ jáde kí ẹni tó rà á lè mọ̀ ọ́n.

Robinett kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kọ́ yàrá kan, ó fi í pa mọ́ sínú géèmù náà. Kí o tó lè débẹ̀, o ní láti kọ́kọ́ rí ẹ̀kán kan nínú ilé olódi dúdú, tínńtín bí orí abẹ́rẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ilẹ̀ ibẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní rí i. Wàá gbé e lọ sí ọ̀nà kan tó wà nítòsí ilé olódi aláwọ̀ wúrà, wàá kó àwọn ẹrù mìíràn sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ògiri á sì jẹ́ kí o kọjá. Kò sí ìṣúra nínú yàrá náà, kò sí idà. Ọ̀rọ̀ kan ló ń tàn níbẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀: pé Warren Robinett ló ṣe é.

Kò sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ti fi Atari sílẹ̀ kí àṣírí náà tó tú. Ọ̀dọ́mọdé kan ní Salt Lake City ló ṣàwárí rẹ̀, tó sì kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà ní 1980, bí mo ṣe ń kọ èyí sí yín. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n yọ yàrá náà kúrò, ṣùgbọ́n owó ńlá ni yóò ná wọn. Ọ̀gá kan níbẹ̀, Steve Wright, ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ó dà bí ẹyin tí àwọn òyìnbó máa ń fi pa mọ́ fún àwọn ọmọdé nígbà ọdún Àjíǹde. Ibẹ̀ ni "Easter egg", orúkọ tí a ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ títí dòní, ti wá. Lẹ́yìn náà ló wá hàn pé Robinett kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́: Ron Milner ti fi ìkíni kan tó ní orúkọ ara rẹ̀ pa mọ́ sínú géèmù Starship 1 ní 1977, ogójì ọdún sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó kéde bí a ṣe ń rí i. Ed Boon àti John Tobias tó ṣe Mortal Kombat ní tiwọn da orúkọ bàbá wọn kọ láti ẹ̀yìn, wọ́n fi sọ jagunjagun kan lórúkọ: Noob Saibot. Àwọn ọmọ tó ń fi jagunjagun yẹn jà ní ìsọ̀ géèmù gbogbo kò mọ̀ pé orúkọ oníṣẹ́ ni wọ́n ń pè.

Olóòtú wa, kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó yẹ kí àwọn ọmọ wa gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, inú ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń kan géèmù mọ́. Tó bá sú ọ, kò sí òmíràn. Ní 1976, ilé iṣẹ́ Fairchild gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n wá ń pè ní Channel F, òun ló sì kọ́kọ́ mú kásẹ́ẹ̀tì tí a kọ géèmù sínú ṣíìpù rẹ̀ wọ ilé àwọn ènìyàn. Jerry Lawson, ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n bí ní New York ní 1940, ló darí iṣẹ́ náà. Kì í ṣe òun nìkan: Wallace Kirschner àti Lawrence Haskel ló ti ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ mìíràn, Nick Talesfore àti Ron Smith sì bá Lawson wá bí àpótí rẹ̀ yóò ṣe rí. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù kò ṣẹ̀yìn ọmọdé. Bí ọmọ bá ń yọ ọ́ tó ń kì í bọ̀ ọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ṣé iná ara tó máa ń ta fírífírí kò ní jó ṣíìpù inú rẹ̀? Wọ́n ṣe é títí ó fi gbà. Nígbà tí Lawson wà lọ́dọ̀ọ́, àtúnṣe tẹlifíṣọ̀n ló fi ń rówó. Nígbà tí mo ka èyí nínú ìsọ̀ mi, ṣe ni mo gbé áyọ́ọ̀nù ọwọ́ mi sílẹ̀, mo tún un kà. Oṣù kẹta ọdún 2011 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ géèmù tó bọlá fún un. Oṣù kẹrin ọdún kan náà ló kú.

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó gbá Contra nígbà náà, á ka bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ láti fi gba ẹ̀mí kún ẹ̀mí fún yín lórí ìdúró: òkè òkè, ìsàlẹ̀ ìsàlẹ̀, òsì ọ̀tún, òsì ọ̀tún, B, A. Ẹ̀mí 30 nìyẹn. Ní àdúgbò wa, a gbà pé ọmọ ilé kejì ló ṣàwárí rẹ̀. Kazuhisa Hashimoto ti ilé iṣẹ́ Konami ló ni ín. Nígbà tó ń gbé géèmù Gradius wá sórí Famicom ní 1986, géèmù náà le jù fún òun fúnra rẹ̀ láti gbá kó fi yẹ̀ ẹ́ wò, ló bá la ọ̀nà àbùjá yìí fún ara rẹ̀, ó sì gbàgbé sínú rẹ̀. Ó kú ní 2020. Ti Alexey Pajitnov tún dunni ju èyí lọ. Òun ló ṣe Tetris ní Moscow ní àárín àwọn ọdún 1980, lórí kọ̀ǹpútà Elektronika 60 tí kò lè ya àwòrán, tó fi jẹ́ pé àmì akọmọ ló ń tò bíi bíríkì. Ọwọ́ ìjọba Soviet ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ bọ́ sí. Gbogbo ayé ti ń gbá a, àwa náà ń gbá a lórí bíríkì géèmù oníbátìrì, ó sì di 1996 kí owó rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí wọlé fún un.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wá nínú orúkọ ará Japan àti ará Amẹ́ríkà. Ó kàn wá, nítorí ọmọ tó bá gbà pé ilé iṣẹ́ ló ń ṣe géèmù, ẹni tí yóò máa rà á nìkan ni yóò rò pé òun lè jẹ́. Nígbà tí mo sọ ti Lawson fún ọmọ mi, ìbéèrè tó bi mí tẹ̀ lé e ni pé ọmọ ọdún mélòó ni ọkùnrin náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí tún tẹlifíṣọ̀n ṣe.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìlà kan lọ. Nígbàkígbà tí ẹ bá tún kọ nípa géèmù kan, ẹ fi orúkọ àwọn tó rò ó, tó yà á, tó sì ṣe orin rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mọ́kànlá wà ní ìsọ̀ mi, tí akọ̀ròyìn yín bá fẹ́ ya fọ́tò wọn, kó wá ní Sátidé èyíkéyìí lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Èyí tí a tú yẹn ti padà sínú ìkarahun rẹ̀. Ọmọ mi ti gé bébà kékeré kan, ó kọ Miyamoto, Tezuka àti Kondo sí i, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn