Ẹ Má Gé Ẹ̀ka Ìdí Ìtẹ́ Ẹyẹ Nítorí Àwòrán

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ẹ bá ń yan àwòrán ọmọ ẹyẹ tí ẹ ó tẹ̀ jáde lásìkò òjò, ẹ bá wa wo etí ìtẹ́ náà dáadáa. Bí wọ́n bá gé ẹ̀ka kúrò níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó yà á, ojú ọgbẹ́ igi á ṣì funfun, kò ní sí òjìji ewé kankan, ọmọ ẹyẹ á sì la ẹnu sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oúnjẹ ló ń bèèrè. Oòrùn ló ń pa á. Èyí tí kò tíì hu ìyẹ́ kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ooru, àṣá náà sì ti rí ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ irú rẹ̀.

Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Igi ti wọ́wé nígbà náà, ìtẹ́ ẹ̀gà ti òjò èṣí á ṣì so dirodiro lókè. Ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀, torí ẹ̀gà sábà máa ń padà sí igi kan náà. Bí òjò bá dé, ẹ jókòó kí oòrùn àárọ̀ wà lẹ́yìn yín, kó tó di aago 9. Akọ ẹ̀gà á fa imọ̀ ọ̀pẹ ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á fi hun ìtẹ́, á wá dorí kodò lábẹ́ rẹ̀, á máa gbọn apá pìpì pe abo. Ìtẹ́ tó ṣì tutù ni abo ń fẹ́. Èyí tó bá gbẹ láìrí abo, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u. Ìta gbangba ló ti ń ṣe gbogbo èyí. Kò sí ewé tí ó yẹ ká gé.

Bí ẹyẹ bá ń gbọn apá, ẹ fi ìyára tí kámẹ́rà fi ń ṣí, tó sì ń pa, sí 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, 1/500 tó. Lẹ́ńsì 400mm, tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́, ló dára jù, kí ẹ lè jìnnà sí i. Ojú ẹyẹ gan-an ni kí kámẹ́rà dì mú. Lékèélékèé tó bá dúró níwájú igbó dúdú máa ń funfun báláú débi tí ìyẹ́ rẹ̀ kò ní hàn. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù sí -1 níbi tí a ti ń ṣètò ìmọ́lẹ̀ lórí kámẹ́rà (+/-).

Lásìkò ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta, eruku á wọ inú kámẹ́rà. Lásìkò òjò, bí ẹ bá gbé e jáde láti yàrá tútù, ẹ fi í sílẹ̀ nínú àpò tí ẹ dé pa fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí omi má baà bo ojú lẹ́ńsì.

Bí ìyá ẹyẹ bá gbé kòkòrò sẹ́nu, tó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, tí kò wọ ìtẹ́, ẹ ti súnmọ́ jù nìyẹn. Ẹ fà sẹ́yìn. Bí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá tí kò tíì wọlé, ẹ palẹ̀ mọ́, kí ẹ máa lọ.

Àwa ayàwòrán ẹyẹ, òǹkàwé yín