"Ẹ Máa Ṣọ́ra" Kò Tó Mọ́

Sí Olóòtú,

Inú ló ń bí mi tí mo fi gbé kálàmù. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n gbé máṣíìnì ìránṣọ àbúrò ìyàwó mi lọ ní Mọ́níyà níbí. Ojú wa ni wọ́n ti gbé e, àwa fúnra wa la bá wọn dè é mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 185 náírà ni wọ́n jọ fẹnu kò sí. Kọ́bọ̀ kò wọlé.

Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn tí yóò ta nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ya fọ́tò, ó gbé e síta láàárọ̀, nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ènìyàn mẹ́fà ti pè é. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù nínú wọn kò ná ọjà náà rárá. Ẹni tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra àlòkù tí kò ná an, ó yẹ kí ìyẹn ti kọ wá lóminú. Ó ní Abẹ́òkúta lòun wà, òun á rán ọlọ́kadà. Aago méje alẹ́ ku díẹ̀ ni ọlọ́kadà dé, kò síná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège. Áléètì wọlé: orúkọ báǹkì àbúrò ìyàwó mi wà lókè, iye owó pé, díẹ̀ nínú nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi náà wò ó, mi ò rí àléébù kankan.

Nígbà tí a dé báǹkì lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn kò ti ọ̀dọ̀ àwọn wá, kí a máa ṣọ́ra. Ní àgọ́ ọlọ́pàá tí a lọ, wọ́n ní kí a mú owó epo mọ́tò wá, wọ́n sì fi kún un pé kí a máa ṣọ́ra. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò náà, ẹ máa ṣọ́ra ni tiwọn. Ta ló ń ṣọ́ olè? Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n ti gbé owó áléètì kúrò ní náírà 4 sí náírà 6, à ń san án, síbẹ̀ oníjìbìtì lè fi orúkọ báǹkì wa kọ̀wé sí wa. Wọ́n ti gba ìtẹ̀ka wa fún BVN láti ọdún 2014. Wọ́n ní dandan ni kí a so NIN mọ́ síìmù, a tò sójú oòrùn, a so ó. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti wà láti ọdún 2015, wọ́n tún un ṣe ní 2024. Kí ni gbogbo rẹ̀ wà fún, bí ẹni tí wọ́n jà lólè bá dé ọ̀dọ̀ wọn tó jẹ́ pé "ẹ máa ṣọ́ra" nìkan ni wọ́n ní láti sọ?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tà fún ìgbà àkọ́kọ́, áléètì kì í ṣe owó. Ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì yín kí oníbàárà tó dé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ní òun ti sanwó, ẹ fọwọ́ ara yín ṣí áàpù báǹkì yín, tàbí kí ẹ tẹ kóòdù tí ẹ fi ń wo báláǹsì, kí ẹ rí i pé owó lé. Ẹ má wo fóònù tirẹ̀, ẹ má wo rìsíìtì tó fi ránṣẹ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dáa, kí ẹrù sun ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó wọ́n bí ojú, ìgbà mìíràn owó tí ènìyàn fi ránṣẹ́ á di ọjọ́ kejì kó tó wọlé, ọ̀pọ̀ wa sì ti ibẹ̀ kọ́ láti máa gbẹ́rù sílẹ̀ lórí ìgbàgbọ́. Àṣà yẹn ni wọ́n fi ń mú wa.

Bó bá ní òun ṣèèṣì san owó lé, kí ẹ dá 50,000 padà, ẹ tún báláǹsì wò kí ẹ tó fèsì. Ẹni tó fẹ́ sanwó fún yín kò nílò ju nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ àti báǹkì lọ. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì kò kàn án. Kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà tó ní kí ẹ kà fún òun, WhatsApp yín ló fẹ́ gbà. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ tà, ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ṣe ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó wà ní Ọ̀yọ́ kọ́ àtíbàbà kan tí olùtà àti olùrà ti lè pàdé. Tiwa ní Akínyẹlé lè wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Mọ́níyà, nítorí ọkọ̀ ojú irin ń gba Abẹ́òkúta wá síbẹ̀: ẹni tó fẹ́ rajà ní tòótọ́, kó wọ ọkọ̀ kó wá. Kí iná sólà wà níbẹ̀ tí a lè fi dán fíríìjì tàbí máṣíìnì wò, kí kámẹ́rà wà lókè, kí òṣìṣẹ́ kan máa kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́rù àti nọ́ńbà ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó. Kí olùtà san 200 náírà, inú rẹ̀ ni owó ọ̀yà òṣìṣẹ́ náà á ti jáde. Láyé àwọn bàbá wa, Pàràkòyí wà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò. Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò ní olórí, kò ní ìsọ̀, kò sí ẹni tí a lè fẹjọ́ sùn. Olè kì í fẹ́ dé ibi tí wọ́n á ti ya àwòrán ojú rẹ̀.

Kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù náà dí ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi orúkọ báǹkì kọ̀wé. Kí àwọn ọlọ́pàá yé gba owó epo lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò ni àbúrò ìyàwó mi ti ń yá máṣíìnì lò báyìí, lálẹ́ tí oní-nǹkan bá ti ṣíwọ́. Nọ́ńbà tí oníjìbìtì náà fi pè wá ṣì ń dún títí di àárọ̀ òní. Ó wà nínú ìwé tí a fi sílẹ̀ ní àgọ́. Kí wọ́n pè é.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.