Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Ìpàtẹ Àgbẹ̀ ti Gaithersburg

Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Àkànní àti Àṣàkẹ́. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o ní ẹ ti pinnu láti kó àwọn ọmọ lọ sí ìpàtẹ àgbẹ̀ Montgomery County ní Gaithersburg, ní ìpínlẹ̀ Maryland yín, nínú oṣù Kẹjọ, àti pé ìrọ̀lẹ́ ni ẹ fẹ́ lọ, kí àwọn ọmọ lè gun àwọn ẹ̀rọ ìṣeré, kí wọ́n jẹ ìpápánu díẹ̀, kí ẹ sì máa bọ̀ wálé. Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ àkókò tí ẹ dá, àlàyé rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí mo lè ṣe lórí fóònù lọ ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí ẹ lọ láàárọ̀, kí ó sì jẹ́ pé ilé àwọn ẹran àti gbọ̀ngàn tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ sí ni ẹ óò kọ́kọ́ yà sí.

Ẹran ọ̀sìn ni ó bí ìpàtẹ yìí, kì í ṣe ẹ̀rọ ìṣeré. Ní ọdún 1807, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Elkanah Watson fa àgùntàn Merino méjì lọ sí gbàgede ìlú Pittsfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, kí àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè fojú ara wọn rí bí irun àgùntàn náà ti dára tó. Èrò tí ó pé lé wọn lórí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò ó pé bí àgùntàn méjì péré bá lè pe èèyàn jọ báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí gbogbo àgbẹ̀ agbègbè náà bá kó ẹran wọn jáde. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1811, òun àti àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Berkshire sílẹ̀, wọ́n sì ń fún ẹni tí ẹran rẹ̀ bá dára jù ní ẹ̀bùn. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti gbilẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, títí tí ó fi dé ọ̀dọ̀ yín ní Gaithersburg ní ọdún 1949. Kẹ̀kẹ́ gàgàrà tí ń gbé èèyàn yípo lókè, èyí tí Àkànní ń dà ọ́ láàmú lé lórí, ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá ni òkìkí rẹ̀ kàn, nígbà tí George Ferris gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní ìpàtẹ àgbáyé Chicago ní ọdún 1893.

O lè máa rò pé kò sí àgbẹ̀ mọ́ ní ibi tí ó sún mọ́ Washington tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé àti ọ́fíìsì nìkan ni ò ń rí lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ. Ní ọdún 1980, ìjọba káúńtì yín ya ilẹ̀ éékà 93,000 sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ oko, èyí tí ó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ilẹ̀ káúńtì náà, wọ́n sì fi òfin dè é pé ilé kan ṣoṣo ni èèyàn lè kọ́ sórí éékà 25. Bí ẹ bá wa mọ́tò gba ọ̀nà Poolesville lọ, ẹ óò rí oko àgbàdo àti pápá ìjẹko lọ rẹrẹ. Nítorí náà, àwọn ọmọ tí ẹ óò bá nídìí màlúù ní ìpàtẹ kì í ṣe àlejò láti ọ̀nà jíjìn. Aládùúgbò yín ni wọ́n, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ rẹ mọ̀ wọ́n.

Àárọ̀ ni iṣẹ́ wọn máa ń hàn. Bí ẹ bá tètè dé, ẹ óò bá àwọn ọmọ tí wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá lọ níbi tí wọ́n ti ń fọ màlúù tí ó fi ìlọ́po ìlọ́po tóbi jù wọ́n lọ, tí wọ́n ń kó ìgbẹ́ jáde, tí wọ́n ń pààrọ̀ koríko tí ẹran dùbúlẹ̀ lé, tí wọ́n sì ń pọnmi, láìsí àgbàlagbà tí ń pariwo lé wọn lórí. Jẹ́ kí Àkànní dúró wò wọ́n dáadáa. Fi màlúù Holstein, dúdú òun funfun, tí wàrà rẹ̀ pọ̀, hàn án, kí o sì fi Jersey, aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò tóbi tó o, tí ọ̀rá inú wàrà tirẹ̀ pọ̀ jù, hàn án pẹ̀lú. Kí ó kí ẹni tí ó ni ẹran kí ó tó na ọwọ́ sí i, kí ó sì béèrè ohun tí ẹran náà ń jẹ, iye oṣù tí ó jẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá. Mo fẹ́ràn kí ó béèrè ìbéèrè kan ju kí o ya ogún fọ́tò rẹ̀ lọ, nítorí pé ọmọ tí ó ni ẹran náà yóò dáhùn pẹ̀lú ìdùnnú, Àkànní yóò sì gbọ́ láti ẹnu ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jí bọ́ ẹran yìí, bí òjò rọ̀ bí yìnyín bọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje, kí ẹ sì jókòó títí tí ìpele kan yóò fi parí. Ìdíje kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹwà ẹran ni adájọ́ ń wò bí kò ṣe ọmọ tí ó ń dà á: bí ó ṣe di okùn mú, bí ó ṣe mú kí ẹran rẹ̀ dúró dáadáa, bóyá ojú rẹ̀ kò kúrò lára adájọ́, àti bóyá ó lè dáhùn bí wọ́n bá bi í léèrè nípa ẹran rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹran á ya olóríkunkun, ọmọ náà yóò sì ní láti mú sùúrù lójú gbogbo èèyàn. N kò mọ ibòmíràn ní ìlú yín tí ọmọdé ti lè rí irú ẹ̀kọ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o múra sílẹ̀ fún. Ọ̀pọ̀ nínú ẹlẹ́dẹ̀, àgùntàn àti akọ màlúù tí ẹ óò rí ni àwọn ọmọ náà sìn fún ẹran jíjẹ, wọn yóò sì tà wọ́n ní gbàǹjo kí ìpàtẹ tó parí. Ẹ lè rí ọmọ tí ó ń sunkún bí wọ́n ti ń lu ẹran rẹ̀ ní gbàǹjo. Bí Àkànní bá bi ọ́ léèrè ibi tí wọ́n ń mú ẹran náà lọ, má ṣe parọ́ fún un, má sì fà á kúrò níbẹ̀. Níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, àwọn ọmọ aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí máa ń fún àgbò lóúnjẹ, wọn a máa dà á kiri àdúgbò kí ọdún Iléyá tó pé, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n rà á fún. Èyí kò sọ wọ́n di ìkà, ó kọ́ wọn láti má fi ẹran ṣòfò ni. Ọmọ rẹ tí ó máa ń fi adìẹ sílẹ̀ nínú abọ́ nílò láti mọ̀ pé ẹ̀mí ni, àti pé ẹnìkan ló tọ́jú rẹ̀.

Gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọwọ́ kò ní gbà yín lákòókò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Ẹ óò rí aṣọ rírán, kéèkì, èso tí wọ́n sè sínú ìgò, tòmátò àti ata tí wọ́n kó jọ sórí àwo, pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù búlúù lára èyí tí ó gba ipò kìíní, pupa fún ìkejì, funfun fún ìkẹta. Ka àkíyèsí adájọ́ sókè fún àwọn ọmọ níbi tí ó bá wà. Ìwọ náà tí o mọ aṣọ rán, tí ata rẹ sì ń so lẹ́yìn ilé, kò sí ohun tí ó ní kí o má gbé tìrẹ lọ lọ́dún tí ń bọ̀. Wọ́n máa ń gbé ìwé òfin ìdíje jáde ṣáájú, tètè wá a.

Nípa ìlera, mo fẹ́ kí o gbọ́ mi yékéyéké. Màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn tí ara wọn le koko lè ní kòkòrò àrùn inú rírun lára. Ọ̀fìnkìn ẹlẹ́dẹ̀ sì ran èèyàn tí ó lé ní 300 ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2012, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó sì ti sún mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ní irú ìpàtẹ báyìí. Maryland náà rí irú rẹ̀ ní ọdún 2017. Ìmọ̀ràn CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dènà àrùn, ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aboyún, ẹni tí ó ti pé ọdún 65 àti ẹni tí ó ní ásímà má wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ rárá. Àṣàkẹ́ kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí náà kí bàbá rẹ̀ mú un dúró lọ́dọ̀ àwọn ehoro nígbà tí ìwọ àti Àkànní bá wọlé. Ẹ má mú oúnjẹ tàbí ohun mímu wọ ilé ẹran kankan, kí ẹ sì fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ bí ẹ bá ti jáde, ì báà jẹ́ pé ẹ kò fọwọ́ kan ẹran. Fi fìlà dé àwọn ọmọ lórí, kí o kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sí apá Àṣàkẹ́, kí ẹ sì máa mu omi.

Ẹ̀rọ ìṣeré lè wá tẹ̀lé e lọ́sàn-án. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Maryland ni wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò, ṣùgbọ́n bí pátákó bá ní ọmọ kò ga tó, má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Dá iye tí ẹ óò ná kí ẹ tó kúrò nílé. Jìnnà sí àwọn tí ń ní kí a ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n gba ọmọlangidi, nítorí pé àwọ̀n wọn sábà máa ń kéré, ó sì máa ń ga ju ti pápá ìṣeré lọ. Kí àwọn ọmọ jẹ ìyẹ̀fun dídín tí wọ́n ń wọ́n ṣúgà lé lórí, èyí tí ó dà bí àbúrò pọfupọ́ọ̀fù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè pín ẹyọ kan jẹ.

Kí ẹ tó máa lọ, ẹ béèrè ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ń jẹ́ 4-H, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ewé aláwọ̀ ewéko tí ó pín sí mẹ́rin. Ohun tí ó di ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Clark County ní Ohio ní ọdún 1902. Ní Maryland, yunifásítì ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó o. Ẹ kò nílò oko kí Àkànní tó wọ ẹgbẹ́ náà, nítorí pé àwọn kan ń rán aṣọ, àwọn kan ń ya fọ́tò, àwọn mìíràn ń gbin ẹ̀fọ́. Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan ohun tí ó wù ú. Bí ó bá jẹ́ aṣọ rírán ni, tètè sọ fún mi, kí n lè ra àdìrẹ sílẹ̀ ní Ìtokú, kí n sì fi rán ẹni tí ó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Bàbá rẹ ní kí n kí gbogbo yín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.